Ṣé Ọmọ Lè Jogún Ìjà?

Àwa mẹ́fà la wà nínú gúrúùpù WhatsApp náà. A jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ girama ní Èkó, a jọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, a jọ jẹ ẹgba lọ́wọ́ tíṣà kan náà. Márùn-ún nínú wa jẹ́ Yorùbá. Ẹnì kẹfà jẹ́ ọmọ Ìgbò, àmọ́ Èkó ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn kan nínú wa lọ. Òun gan-an ló máa ń tún un ṣe tí a bá ṣi òwe pa.

Lásìkò ìdìbò ọdún 2023, orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná. Ẹ̀yin náà rántí. Ọ̀rọ̀ òṣèlú Èkó di ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀, ta ni àlejò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa fi fídíò kan ránṣẹ́ sínú gúrúùpù, irú èyí tí wọ́n fi ń bú àwọn Ìgbò. Ẹlòmíì rẹ́rìn-ín sí i. Ẹlòmíì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àbí wọ́n ti gbàgbé ohun tójú wọn rí nígbà ogun ni?" Gbogbo wa tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mẹ́fà wa ti di márùn-ún. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò ṣàlàyé. Ó rọra jáde ni.

Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà náà nìyí: ogun tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ta ló jà á nínú wa? Oṣù Keje ọdún 1967 ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀, oṣù Kìíní ọdún 1970 ló parí. Wọn ò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàbá àwọn kan nínú wa ò tíì lè dá ṣòkòtò wọ̀ nígbà yẹn. Òun tí a sọ̀rọ̀ náà sí, wọn ò tíì bí òun náà. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ dé, ohun tí a nawọ́ mú láti fi gún un kì í ṣe tiwa. Ti àwọn tó ti lọ ni. Ta ló fi lé wa lọ́wọ́? Ìgbà wo la sì gbà á?

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ bi ara wa ní ìbéèrè kan níbí: ṣé ọmọ lè jogún ìjà? Tó bá sì jogún ẹ̀, kí ló yẹ kó fi ṣe?

Ẹ lè ní kí ló kan ọjọ́ ọ̀la nínú eléyìí. Ó kàn án gan-an ni. Tí wọ́n bá bi àwa ọ̀dọ́ pé kí là ń retí, ẹnu wa máa ń yá: iṣẹ́, iná, ilé, físà, ká jápa tàbí ká má jápa. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan dárúkọ àlàáfíà. A ti kà á mọ́ ohun tó kàn wà nílẹ̀, bí afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Àwọn kan nínú wa tiẹ̀ ń sọ pé ogun ló kù, pé kí gbogbo ẹ̀ kúkú dàrú, ká jà á ká parí ẹ̀, ká wá tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Bóyá ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ rí, lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná lọ tí owó ọkọ̀ tún lọ sókè. Àwa náà ti sọ ọ́. Ìrètí kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bó ti wù kó korò tó: ìrètí pé ogun máa ń parí nǹkan. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìrètí yẹn wò, bóyá òótọ́ ni.

A ò ní lọ jìnnà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò sílẹ̀ ná, a máa padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí Yorùbá ti bá Yorùbá jà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èdè ló ń fa ogun.

Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, Ìbàdàn ló lágbára jù nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti fi ajẹ́lẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí sì ń ni àwọn aráàlú lára. Ní ọdún 1878, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, wọ́n di Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèngbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ló kó ogun Ìbàdàn jáde. Ogun Kírìjí nìyẹn. Ìró àgbá tó ń dún láàárín òkè ló bí orúkọ náà. Tí a bá kà á láti ọdún 1877 tí Ìbàdàn ti wà lẹ́nu ìjà pẹ̀lú Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀. Látòósà gan-an kú sí ibùdó ogun ní 1885, kò padà rí Ìbàdàn mọ́.

A ò sọ pé Èkìtì ò ní ẹjọ́. Wọ́n ní in. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ kí ajẹ́lẹ̀ máa fi òun ṣe ẹrú nílé bàbá òun. Ohun tí à ń béèrè yàtọ̀: ẹni tó ní ẹjọ́, tó sì jagun nítorí ẹ̀, ṣé ogun náà bá a parí ẹjọ́ ọ̀hún?

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní 1877 ti pé ogún ọdún ní 1893. Ó ti tó ọjọ́ orí wa. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan, ìfojúsọ́nà: kéèyàn fojú sí ọ̀nà, kó máa wo ohun tó ń bọ̀. Kí ni ọmọ yẹn ń wò lọ́nà? Nígbà tí ogun bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń di iṣẹ́. Àwọn kan ń jẹ nídìí ẹ̀, àwọn kan ń gba oyè nídìí ẹ̀, ọmọdé sì ń wo àwọn wọ̀nyí bí àwa náà ṣe ń wo àwọn gbajúmọ̀ lórí Instagram. Ọ̀la tí ọmọ náà lè rò kò ju pé kó ní ìbọn tó dára ju ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Ohun tí ogun kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ nìyẹn, kó tó gba ẹ̀mí ẹ̀. Ó máa ń gba ohun tí ì bá máa retí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Samuel Johnson àti Charles Phillips, àlùfáà Yorùbá méjèèjì, ló ti ń rìn láàárín ibùdó ogun kan sí èkejì pẹ̀lú iṣẹ́ tí Gómìnà Èkó rán wọn. Ibùdó Kírìjí tú ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ò balẹ̀, àwọn ọmọ ogun ò sì padà sílé pátápátá. Ó di 1893 kí Gómìnà Carter tó gòkè wá láti Èkó, kí wọ́n tó tú ká. Ẹ sì wo bó ṣe parí: ẹni tó wá la ìjà ló jókòó tì wá. Kò pẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wà lórí gbogbo wa, àti Ìbàdàn tó ń fi ajẹ́lẹ̀ jọba lórí èèyàn, àti Èkìtì tí kò fẹ́ ajẹ́lẹ̀.

Ó ku ohun kan nínú ìwé àdéhùn 1886 yẹn tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Gbólóhùn kan wà nínú ẹ̀ nípa Modákẹ́kẹ́. Àwọn tó tẹ Modákẹ́kẹ́ dó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tó sá wá sí Ifẹ̀ nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú. Ifẹ̀ gbà wọ́n, wọ́n fún wọn nílẹ̀. Nígbà tó yá, ìjà dé láàárín onílé àti ẹni tó wá bá a. Ìwé àdéhùn náà ní kí Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbẹ̀. Wọn ò ṣí. Ní 1909 wọ́n tú ìlú náà ká. Ní nǹkan bí ọdún 1922 àwọn èèyàn ibẹ̀ padà wá. Ní 1981, ìjà bẹ́. Ní 1997 ó tún bẹ́, lórí ọ̀rọ̀ ibi tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tuntun yóò wà, ó sì ń jó, ó ń kú, ó ń jó, títí wọ ọdún 2000. Ìwé tí wọ́n kọ ní 1886, àwọn tí bàbá àgbà wọn pàápàá ò bá wọn débẹ̀ ni wọ́n ń kú nítorí ẹ̀ ní ọdún 111 lẹ́yìn náà.

Ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀ ní 1997. A ò ní sọ apá tí wọ́n ń gbé, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún wa, ẹni tó wà ní apá kejì náà lè sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn gbé iṣu kaná lọ́jọ́ náà. Ìbọn dún, àwọn èèyàn ní ẹ sá, wọ́n sì fi iṣu sílẹ̀ lórí iná. Nígbà tí wọ́n padà dé, ilé ti jóná, ìkòkò ló kù. "Títí dòní," ìyá àgbà ní, "mo máa ń rò ó pé ṣé iṣu yẹn jinná kí ilé tó jó." A rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: "Ọmọ tó tiná bọ ilé mi, mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ta àkàrà fún un nígbà tó wà ní kékeré. Kò mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Èmi tí ilé mi jó náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n."

A bi wọ́n pé kí ló dé tí ọmọ náà ṣe ṣe é nígbà náà. Wọ́n ní, "Ó bá a nílẹ̀ ni."

Ó bá a nílẹ̀. Bí ọmọ ṣe ń jogún ìjà náà nìyẹn. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tó pè é jókòó láti pín in fún un. Àwàdà ni, orin ìbú ni, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pe àwọn ará ọ̀hún ni. Ọmọ á gbé e sẹ́nu láì mọ̀ pé nǹkan ló gbé. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ tí a rẹ́rìn-ín sí fídíò.

Tí ọmọ bá wá rí i pé ìjà ti wà lọ́wọ́ òun, ìdáhùn méjì la máa ń gbọ́. Èkíní ni, "Kò kàn mí, èmi kọ́ ni mo jà á." Ó dùn lẹ́tí, ó sì jọ òótọ́. Ẹ̀bi ò ṣeé jogún. Kò sí onídàájọ́ tó gbọ́n tó máa sọ ọmọ sẹ́wọ̀n nítorí olè tí bàbá bàbá ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ pé kò kan òun yìí, ó ṣì ń gbé inú ilé tí wọ́n gbà nígbà ìjà, ó ṣì ń jẹ kòkó orí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, ó sì ṣì ń fi orin ìbú àtijọ́ ṣeré. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá máa jogún bàbá ẹ̀ á jogún gbèsè bàbá náà. O ò lè gba oko kí o ní gbèsè orí oko ò kàn ọ́.

Ìdáhùn kejì ni, "Ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa ò gbọdọ̀ lọ lásán, a gbọ́dọ̀ gbẹ̀san." Eléyìí náà dà bí ìdáhùn ọmọ gidi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí ohun kan tí àwọn àgbà wa mọ̀ dunjú: ìwọ̀fà.

Láyé ìgbà yẹn, tí bàbá bá yá owó tí kò rí i san, ó lè fi ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á máa lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó. Ohun tó le nínú ètò náà ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé ni iṣẹ́ ẹ̀. Ó lè ro oko olówó fún ọdún mẹ́wàá, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n yá a. Àfi lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kó ojú owó wá ni ìwọ̀fà tó lè padà sílé bàbá ẹ̀.

Lójú tiwa, ọmọ tó ń ja ìjà tó bá nílẹ̀, ìwọ̀fà ni. Ó rò pé òun ń san gbèsè àwọn baba òun. Èlé ló ń san. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ọdún ẹ̀, ilé tó sun àti ilé tí wọ́n sun mọ́ ọn lórí, èlé ni gbogbo ẹ̀. Ojú owó, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ gan-an, kò dín ní kọ́bọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí 1981 ò fi parí ohun tí 1886 fi sílẹ̀, tí 1997 náà ò sì parí ti 1981. Ẹni tó bá ń sọ pé ká jà á ká parí ẹ̀, ká bi í pé: èwo nínú àwọn ìjà wọ̀nyí ló parí ẹ̀?

A mọ ohun tí ẹlòmíì nínú yín á fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní àwọn tí nǹkan rọ̀ lọ́rùn fún ló máa ń wàásù àlàáfíà, pé "ẹ jẹ́ kí àlàáfíà jọba" ni wọ́n fi ń pa ẹnu àwọn tí ìyà ń jẹ dé. A gbà. Ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Inú èdè Lárúbáwá ni "àlàáfíà" ti wá bá wa, ohun tó sì dúró fún níbẹ̀ ni ìlera. Bí àwa náà ṣe ń lò ó títí dòní nìyẹn. Ẹni tó bá bi yín láàárọ̀ pé "Ṣé àlàáfíà ni?" kò béèrè bóyá ìbọn ń dún lójúlé yín. Ara yín ló ń béèrè, àti ilé, àti ọmọ, àti bí nǹkan ṣe ń lọ. Torí náà, ìlú tí ìbọn ò dún níbẹ̀ àmọ́ tí ẹnì kan ò lè sọ ibi tó ń dùn ún, àlàáfíà ò tíì sí níbẹ̀. Ó kàn dákẹ́ ni. Egbò tí wọ́n fi aṣọ dì láì fọ̀ ọ́ náà máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Èyí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ariwo kì í ṣe ogun. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwa ọ̀dọ́ jáde nítorí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS, àwọn kan ní à ń da àlàáfíà ìlú rú. Rárá o. Ẹni tó gbé pátákó dúró lójú títì ṣì ń retí pé ẹnì kan á gbọ́ òun, pé ẹnì kan á dá òun lóhùn. Ìrètí ló gbé e jáde. Ẹni tó gbé ìbọn ti jáwọ́ nínú pé ẹnikẹ́ni máa gbọ́ òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí lógúnjọ́ oṣù náà gbá ìrètí yẹn lójú. A mọ àwọn tó jẹ́ pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá físà, a sì mọ àwọn tó jẹ́ pé láti ọjọ́ náà ni "ká jà á ká parí ẹ̀" ti wọ̀ wọ́n lẹ́nu. A ò bá wọn wí. À ń sọ fún wọn ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń wò yẹn, àwọn kan ti rìn ín rí fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹlòmíì ló sì kó èrè ẹ̀ lọ.

Kí wá ni ojú owó? Kí lèèyàn lè san tí gbèsè á fi dín kù? Ẹ jẹ́ ká padà sórí ogun abẹ́lé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa wà.

Nígbà tí ogun yẹn parí, Ọ̀gágun Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ní 1973, wọ́n dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ kí ọmọ ìhà kan lè lọ gbé láàárín àwọn ará ìhà kejì fún ọdún kan. Ìyẹn náà dára. Ọ̀kan nínú wa sin ìlú ní Enugu, títí dòní ló ṣì ń pe ìyá tó ni ilé tó gbé ní "Mama". Àmọ́ ẹ wo apá kejì. Àwọn tó ní owó ní báńkì kí ogun tó dé, tí owó wọn ti di owó Biafra, ogún pọ́n-ùn péré ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn ogun, bó ti wù kí owó tí wọ́n ní níbẹ̀ pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 2009, wọ́n yọ ìtàn kúrò láàárín ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní kíláàsì ìsàlẹ̀ girama. Wọ́n ti ní kí ó padà, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ti kàwé tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ká pa àlàáfíà mọ́ lẹ́yìn ogun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa nípa ẹ̀. Àwàdà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ọmọ tí wọn ò sọ ìtàn fún, àwàdà lá fi rọ́pò ẹ̀.

Lójú tiwa, ohun àkọ́kọ́ nínú ojú owó ni kéèyàn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì lè sọ ọ́ níwájú ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Èkejì ni kí ẹni tó ṣe àìdáa ní òun ṣe àìdáa, láì fi "ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà" sí i. Ẹ̀kẹta ni ká dá ohun tó bá ṣeé dá padà padà, ká sì jókòó sọ èyí tí kò ṣeé dá padà. Kò sí èyí tó rọrùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbọn rọrùn jù wọ́n lọ, torí ìbọn kì í béèrè pé kí ẹni tó gbé e mọ nǹkan kan.

Ẹlòmíì á ní, "Ta ló ní ká san gbèsè tí a ò jẹ?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Kò dáa pé àwa ló kàn. Àmọ́ tí a ò bá san án, kò ní pòórá. Àwọn ọmọ wa lá bá a nílẹ̀.

A lọ sílé ọ̀rẹ́ wa. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin tó ti jáde nínú gúrúùpù kí a tó lójú láti lọ. Àwa mẹ́rin la lọ, ẹnì karùn-ún wà ní Kánádà, ó fi ohùn ránṣẹ́. Ìyá ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọjọ́ mélòó?" Wọ́n gbé ìrẹsì wá. Wọn ò mọ nǹkan kan, kò sọ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ó bi wá pé, "Ta ló rẹ́rìn-ín?"

A ní, "Gbogbo wa ni."

Ó dákẹ́. A ní kó má bínú, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì sọ pé àwàdà ni. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá àgbà òun kọ́ ilé kan sí Èkó kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun dé, wọ́n sá lọ sílé, wọn ò mú nǹkan kan dání. Ní 1970, nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n rò pé ilé ti lọ. Bàbá Yorùbá kan tó ń gbé lójúlé kejì ti ń bá wọn gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé ní gbogbo ọdún tí ogun fi wà. Ó gbé ìwé kan jáde, ó ka orúkọ àwọn tó san, ó sì ka owó náà lé bàbá àgbà lọ́wọ́. "Ilé tí ẹ wà nínú ẹ̀ yìí ni," ó ní. "Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ fún yín. N ò kàn mọ ìgbà tí màá sọ ọ́ ni."

Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa. A ti ń ronú láti ọjọ́ yìí lórí ìjà tí a jogún, kò sọ sí wa lọ́kàn pé bàbá tó kó owó pamọ́ yẹn náà fi nǹkan sílẹ̀. Nínú kí gbogbo ìlú gbóná, ó rí ọjọ́ tí ẹni tó sá lọ máa padà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, oṣù lẹ́yìn oṣù, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ìfojúsọ́nà nìyẹn. Òun náà ò mọ̀ bóyá ẹni yẹn á padà.

Ọ̀rẹ́ wa ò tíì padà sínú gúrúùpù. A ò sì tíì bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. À ń lọ sílé wọn ní ọjọ́ Sátidé tó bá ráyè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tún ṣi òwe pa, ó sì tún un ṣe.